Ọṣẹ àti ìpara wo ni kò léwu fún ọmọ oṣù mẹ́ta?

Ìyá Àkọ́bí (Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́) béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìlera ọmọdé. Àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì fẹ́ béèrè ohun kan tí ó ti di ìjà abẹ́nú nínú ilé wa láràárọ̀. Ìyá ọkọ mi ti Oǹdó wá láti bá mi wẹ ọmọ, wọ́n sì gbé ọṣẹ dúdú, àdí àti kànìnkànìn tuntun dání. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni àbúrò ọkọ mi obìnrin tí ó wà ní London fi báàgì kan ránṣẹ́ sí wa: ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun ọmọ, òmíràn tí ó máa ń hó kún inú ọpọ́n, pọ́dà, àti òróró kan tí ó ń ta sánsán. Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo lọ ra ìpara kan ní Ọjà Ọba, tí obìnrin tí ó tà á fún mi sọ pé yóò jẹ́ kí ara ọmọ máa dán. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà NAFDAC. Mo tún máa ń kán oògùn apakòkòrò sí omi ìwẹ̀ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nílé wa.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni nǹkan wẹ́wẹ́ pupa ti sú sí ọmọ náà ní ọrùn, ní abíyá àti ní ẹsẹ̀ itan. Màmá ní ọṣẹ òyìnbó ni, ọkọ mi ní ọṣẹ dúdú ni, èmi sì ń fura sí ara mi. Mo gbé ìgò ọṣẹ olómi náà, mo ka orúkọ àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún, omi nìkan ni mo sì dá mọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ wa sọ pé pọ́dà ọmọdé ń fa jẹjẹrẹ. Ẹlòmíràn ní èyí tí ó burú jù nínú ọṣẹ olómi kì í sí nínú ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rárá. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni ohun kan ṣe lè wà nínú ìgò kí ó má sì sí lára rẹ̀? Ṣé ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi wẹ àwọn bàbá wa dàgbà wá yẹ ọmọ ọwọ́ nítòótọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i, nítorí n kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dun ìyá tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ wá tọ́jú wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Alágbàká, Àkúrẹ́):

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìtọ́jú. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ilé, ẹ dá gbogbo nǹkan wọ̀nyí dúró fún ọjọ́ méje, kí ẹ má sì yọ ọ̀kan sílẹ̀: gbogbo ọṣẹ, pọ́dà, òróró, àdí, ìpara àti apakòkòrò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ àti aṣọ òwú rírọ̀ ni kí ẹ fi máa wẹ̀ ẹ́. Ọmọ oṣù mẹ́ta kì í re oko, kò sì tíì máa rá. Ibi tí ó máa ń dọ̀tí lára rẹ̀ kò ju ojú, ìṣẹ́po ọrùn, àtẹ́lẹwọ́ àti ìdí lọ, omi sì tó láti fọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ohun tí ó sú náà bá ń rọlẹ̀, a ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí ẹ ń lò ni. Bí kò bá rọlẹ̀, tàbí bí ó bá ń ṣomi, tàbí bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ keje kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá wo bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó, awọ tí ó bò ó fẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà ohun tí a bá fi pa á lára máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí yóò ṣe wọ inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lọ. Àní láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ ni ó ti yẹ kí a máa ṣọ́ra: Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ dúró fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí òtútù má baà mú ọmọ, kí ọ̀rá funfun tí ó bò ó lára sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rá yìí gan-an ni àwọn ìyá àgbà máa ń fi àdí àti kànìnkànìn bó kúrò ní wàràwàrà, tí wọ́n ń sọ pé bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọmọ yóò máa rùn nígbà tí ó bá dàgbà.

Ní ti apakòkòrò, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò nílò rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀ jù nínú omi, ó lè jó ọmọ lára, ọwọ́ tí ó ń kán an kì í sì í ní òdiwọ̀n. Pọ́dà náà ní ewu tí kò kan jẹjẹrẹ rárá, èyí tí kì í pẹ́ hàn: eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ nígbà tí a bá ń gbọ̀n ọ́n sí i lọ́rùn. Nítorí èyí ni àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Èyí tí a fi àgbàdo ṣe náà ní eruku.

Ẹ kò béèrè èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi káńfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń fi sínú àpótí aṣọ, sí ẹrù ọmọ yín, ẹ kó o kúrò. Nafutalíìnì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa, pàápàá jù lọ àwọn ọmọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí aṣọ tí ó ti gbà á bá ń kàn án lára, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ yóò máa fọ́, ibà pọ́njú yóò sì dé. Bí ibà náà bá pọ̀ jù, ó máa ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè sọ ọmọ di adití. Mo ti gba ọmọ ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá kan tí ojú ọmọ náà pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, aṣọ ìkómọ tí wọ́n wọ̀ fún un ṣì ń rùn fún káńfọ̀ nígbà tí mo bọ́ ọ. Ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù tí a fi ń pa àyà nítorí òtútù náà kò yẹ ọmọ ọwọ́.

Apòògùn (Ọ̀nà FUTA, Àkúrẹ́):

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ mú ẹ̀yìn ìgò náà, nítorí pé ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi pọ́dà bẹ̀rẹ̀. Talc jẹ́ òkúta rírọ̀ kan tí a lọ̀ kúnná. Nínú ilẹ̀, òkúta mìíràn tí ń jẹ́ asbestos máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà mìíràn nínú àpáta kan náà, bí àwọn tí ń wà á kò bá sì ṣọ́ra, ti ẹ̀gbẹ́ yóò bá a wọ inú ìyẹ̀fun. Kò sí iyàn jíjà lórí asbestos: ó ń fa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn pè ní Amẹ́ríkà, Johnson & Johnson dá pọ́dà ọmọdé tí a fi talc ṣe dúró níbẹ̀ àti ní Kánádà ní 2020, wọ́n sì dá a dúró káàkiri àgbáyé ní 2023, wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí asbestos nínú èyí tí àwọn ṣe. Ní 2024, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé wá fi talc fúnra rẹ̀ sí ìsọ̀rí àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n máa fa jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ yẹ ara ike yẹn wò: bí ẹ bá rí "talc", ẹ gbé e tì; bí ẹ bá rí "zea mays starch", àgbàdo ni, ọ̀rọ̀ eruku tí Nọ́ọ̀sì sọ nìkan ni ó kù.

Ohun tí kò sí lára ìgò ń jẹ́ 1,4-dioxane, kẹ́míkà kan tí a fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ọṣẹ tí ń hó máa ń le jù fún awọ àti ojú ọmọ, nítorí náà ilé iṣẹ́ máa ń fi gáàsì kan tí ń jẹ́ ethylene oxide rọ ọ́ lójú, nínú iṣẹ́ yìí ni 1,4-dioxane ti máa ń yọjú fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dà á sí i, òfin kò sì sọ pé kí wọ́n kọ ọ́, bí ìgbà tí a bá yan ẹja tí èéfín wọ inú rẹ̀. Kò sí ìyá tí ń ka èéfín mọ́ èròjà ọbẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ó parí sí "eth", bíi "laureth", tàbí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "PEG", a fi gáàsì yẹn ṣe é nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lè fà á jáde kí wọ́n tó rọ ọṣẹ sínú ìgò, àmọ́ ojú yín kò lè mọ ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe é.

Ìkejì rẹ̀ ni formaldehyde, kẹ́míkà mìíràn tí òun náà lè fa jẹjẹrẹ. Òun náà kì í sí lára ìgò, nítorí pé àwọn èròjà tí a fi ń tọ́jú ọṣẹ kí ó má baà bàjẹ́ ni ó ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn orúkọ tí ẹ óò rí ni quaternium-15, DMDM hydantoin tàbí imidazolidinyl urea. Ní 2009, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbé ọṣẹ àti ìpara ọmọdé 48 lọ sí ibi àyẹ̀wò, wọ́n rí 1,4-dioxane nínú 32. Nínú 28 tí wọ́n yẹ̀ wò fún formaldehyde, wọ́n rí i nínú 23. Ìròyìn yìí ni ó dẹ́rù ba gbogbo ayé, òun náà ni ó sì mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ ọmọdé padà.

Ṣé kí ẹ wá kó báàgì London dànù? Lójú tèmi, rárá. Ìwọ̀n tí ó wà níbẹ̀ kéré púpọ̀, ọṣẹ sì ni ohun tí a ń ṣàn kúrò lára. Èyí tí ó ṣeé ṣe jù kí ó ti máa ṣe ọmọ yín kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí awọ rẹ̀ má gba èròjà kan ni, lọ́fínńdà ni mo sì kọ́kọ́ máa fura sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "parfum", lè bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́míkà mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Lilial, ni Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè ní oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí pé wọ́n rí i pé ó lè ṣèpalára fún agbára ìbímọ; àwọn ọjà àtijọ́ tí ó ní in nínú kò sì parẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ tí ń hó àti òróró olóòórùn sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ yín bá pé, tí ara ọmọ sì ti dá, èyí tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ fi díẹ̀ bọ omi, lẹ́ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ọṣẹ olómi tí kò ní ohun ìtọ́jú kankan nínú ni ó dára jù. Ohun tí ó bá ní omi nínú, tí kò sì ní ohun tí yóò dá kòkòrò dúró, kò ní pẹ́ di ilé kòkòrò nínú ooru ilẹ̀ wa.

Ìpara Ọjà Ọba ni ó bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìpara tí ń mú ara "dán", tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, lè ní mákúrì nínú, tàbí hydroquinone tí a fi ń bó àwọ̀ ara, tàbí oògùn sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol. Mákúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ṣe ọpọlọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ní ibi. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń jẹ́ kí ohun tí ó sú rọlẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀, kí awọ wá fẹ́lẹ́ sí i, kí ó sì padà wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá rí "calomel", "mercurous chloride" tàbí "ammoniated mercury" lára èyíkéyìí, mákúrì ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà NAFDAC kò fi hàn pé ohun kan kò lè ní àbùkù, ohun tí ó fi hàn ni pé a mọ ẹni tí a ó dì mú. Ẹ rántí 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan tí májèlé wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Nítorí pé orúkọ àti nọ́ńbà ìpele wà lára ìgò ni wọ́n ṣe lè kó ìyókù kúrò lọ́jà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Odòjọmù, Oǹdó):

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọṣẹ sísè, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tà á, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ọṣẹ dúdú ni ó ń sọ̀rọ̀. Kòkó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èèpo rẹ̀ tí àgbẹ̀ bá ti yọ kóró inú rẹ̀ tán ni a ń sá gbẹ, tí a ń jó di eérú. A ó da eérú sínú ajere, a ó máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀, omi tí ó bá kán sísàlẹ̀ ni a ó gbé kaná, tí a ó wá fi àdí sí i, tí a ó máa rò ó títí yóò fi dì. Omi eérú yẹn kì í ṣe omi lásán. Bí ó bá ti ki, tí ó sì ta sí ènìyàn lọ́wọ́, ó ń bó awọ. Àdí ni ó ń pa agbára rẹ̀. Bí àdí kò bá tó, agbára náà yóò ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, ojú kò sì lè rí i. Ahọ́n ni èmi fi ń tọ́ ọ wò: bí ó bá ta mí, mo máa ń dá a padà sínú ìkòkò. Eérú ọ̀sẹ̀ yìí kì í sì í le bákan náà pẹ̀lú eérú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìdí nìyí tí ọṣẹ ẹnì kan náà fi lè tu ọmọ yìí lára lónìí, kí ó sì jó ọmọ mìíràn lóṣù tí ń bọ̀.

Ọmọ mi tí ó ń kàwé ní yunifásítì mú bébà kan wálé tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà láti fi hàn bí agbára irú ti omi eérú yẹn ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan, ó fi wọn ọṣẹ mi tí mo rò pé ó dára jù, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10, pé awọ ọmọ ènìyàn kò ju nǹkan bíi 5 àti ààbọ̀ lọ. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bí ìyá ìkókó bá wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ fún un pé kí òun fi wẹ̀, kí ó fi ti ọmọ sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi máa sáré kiri. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi sè ni mo ń sọ yìí o. Èyí tí ó wà lọ́jà lónìí tún yàtọ̀: àwọn kan ń ra sódà ọlọ́ṣẹ, wọ́n ń fi èédú pa á láwọ̀, wọ́n sì ń pè é ní ọṣẹ dúdú, àwọn mìíràn ń po oríṣiríṣi ìpara mọ́ ọn kí ó lè "tọ́ọ̀nù". Ẹ bi Màmá pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n mọ ẹni tí ó sè é, ìyẹn kò burú, síbẹ̀ kí wọ́n má fi kànìnkànìn bó ọmọ oṣù mẹ́ta.

Lórí àdí nìkan ni n kò fi ní gbà fún Nọ́ọ̀sì pátápátá. Àdí tí ó mọ́, tí kò jóná, tí a kò po ewé tàbí lọ́fínńdà mọ́, ni a ti fi ń pa ọmọ lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀, n kò sì tíì rí ọmọ tí ó ṣe ní ibi.

Bàbá Ìbejì (Àkúrẹ́):

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú ọṣẹ, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ ni ó ń yára pa ọmọ jù. Omi tí kò jinlẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ lè gbẹ̀mí ọmọ, ọ̀ṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í pariwo. Àga ike tí wọ́n ń tà pé ó ń gbé ọmọ dúró nínú ọpọ́n ìwẹ̀ kì í ṣe olùṣọ́. Ó lè dojú dé. Bí fóònù bá dún, ẹ jẹ́ kó máa dún. Ẹ sì da omi inú bákẹ́ẹ̀tì nù kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rá.

Ìyá Àkọ́bí (Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́):

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Òní ni ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ sí Màmá létí, nítorí mo mọ̀ pé wọn yóò gba ti ará Oǹdó ẹlẹgbẹ́ wọn gbọ́ ju tèmi lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí ó sè é, wọ́n sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò lójú mi. Ó ta wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ń fi ọṣẹ náà wẹ̀ báyìí. Ohun tí ó sú ní abíyá àti ní itan ti lọ, ṣùgbọ́n ti ọrùn kò lọ, ó tilẹ̀ ń ṣomi díẹ̀ nínú ìṣẹ́po, nítorí náà a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lánàá. Dókítà ní omi ọmú tí ń ṣàn sí i lọ́rùn ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, ó sì fún wa ní oògùn tí a ó máa fi pa á fún ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó gbà wá, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun méjì ni ó kù tí mo fẹ́ mọ̀: ṣé mo lè dá àdí padà, àti pé kí ni kí n ṣe sí ìpara náà? Ọkọ mi ní kí a sun ún pẹ̀lú pàǹtí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Alágbàká, Àkúrẹ́):

Mo gbà fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ lórí àdí tí kò ní ohunkóhun nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọrùn jiná ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyọ kan tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ pa á ní apá níbì kan, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ kò bá pọ́n, ẹ máa lò ó ní ìwọ̀nba, kí ẹ má fi sí ìṣẹ́po ọrùn, kí ẹ má sì kán an sí imú ọmọ láéláé.

Ẹ má ṣe sun ìpara náà, ẹ má sì dà á sí kòtò omi. Bí mákúrì bá wà nínú rẹ̀, iná kì í jó o run, èéfín ni yóò gbé e, ọmọ ni yóò sì fà á símú. Ẹ dé e pa, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC níbí ní Àkúrẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn ibi tí ẹ ti rà á. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti fi pa ojú rí, ẹ fọ ìrọ̀rí àti aṣọ tí ẹ fi ń gbé ọmọ mọ́ra.